Ọ̀nà Wo Ló Ń Sọni Di Onímọ̀ Oúnjẹ Aláìsàn? Àgbéyẹ̀wò láti Jẹ́dà àti Mẹ́kà

Bí dókítà bá ti kọ oògùn tán, ìbéèrè tí ẹbí aláìsàn kì í gbàgbé láti béèrè ni pé: kí ni kó máa jẹ? Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dáhùn ìbéèrè yẹn nílé ìwòsàn ni onímọ̀ oúnjẹ aláìsàn. Òun ló ń ṣírò ìwọ̀n oúnjẹ tí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ lè jẹ tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò fi ní fò sókè. Òun ló ń yan oúnjẹ olómi tí wọ́n ń gba rọ́bà imú fún ẹni tí kò lè gbé nǹkan mì. Òun náà ló ń sọ fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti dẹnu iṣẹ́ kọlẹ̀ irú èso tó lè jẹ àti irú èyí tó lè ṣekú pa á. Ṣùgbọ́n báwo la ṣe ń kọ́ ènìyàn di ẹni tó mọ gbogbo èyí? Ẹnu àwọn olùkọ́ kò tíì kò lé e lórí.

Jẹ́dà àti Mẹ́kà la gbé ojú lé níbí, ìlú méjì ní Sáúdí Arébíà tí nǹkan bí kìlómítà 80 péré là láàárín. Ìdí méjì ló fà á. Èkíní ni pé àìsàn tí oúnjẹ ń fà tàbí tí oúnjẹ ń tọ́jú pọ̀ níbẹ̀: ìṣirò àjọ àgbáyé tó ń rí sí àtọ̀gbẹ, IDF, ní 2021 fi hàn pé nínú 100 àgbàlagbà ilẹ̀ náà, nǹkan bí 18 ló ní àtọ̀gbẹ. Èkejì ni pé gbogbo ayé ló ń wá síbẹ̀. Ní 2024, 1,833,164 ènìyàn ni ìjọba ibẹ̀ kéde pé wọ́n ṣe Háájì, àwọn Àlájì àti Àlájà wa sì wà nínú wọn, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà tí wọ́n gbé kúrò nílé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ́ṣẹ́ yìí níbẹ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ onílẹ̀ tàbí ọmọ Yorùbá tó rí ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ gbà, kò lè mọ irú aláìsàn tí yóò jókòó síwájú òun lọ́la.

Bí ọ̀nà náà ṣe rí lónìí

Fásitì ìjọba mẹ́ta ló yẹ ká mọ̀. King Abdulaziz University ní Jẹ́dà bẹ̀rẹ̀ ní 1967 lọ́wọ́ àwọn aládàáni, ó sì bọ́ sọ́wọ́ ìjọba ní àwọn ọdún 1970. Umm Al-Qura University ní Mẹ́kà hù jáde lára ilé ẹ̀kọ́ Ṣàríà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1949, ó sì di fásitì ní 1981. Ìkẹta ni King Saud bin Abdulaziz University for Health Sciences, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2005. Riyadh ni olú ilé rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀ka ní Jẹ́dà. Abẹ́ ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní Applied Medical Sciences ni wọ́n fi ẹ̀kọ́ yìí sí, ibẹ̀ kan náà tí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ láàbù ilé ìwòsàn wà.

Ọ̀nà náà gùn. Ọdún ìmúrasílẹ̀ ló máa ń ṣáájú, níbi tí máàkì ti ń pinnu ẹ̀ka tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò wọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìmọ̀ kẹ́mísírì ara, ìmọ̀ bí ẹ̀yà ara ṣe ń ṣiṣẹ́, ìmọ̀ oúnjẹ, àti oúnjẹ fún oríṣiríṣi àìsàn. Ọdún tó gbẹ̀yìn, tí wọ́n ń pè ní imtiyaz níbẹ̀, ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń lò ó. Kí ẹnikẹ́ni tó lè fi iṣẹ́ náà jẹun, ó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Saudi Commission for Health Specialties, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992.

Ojú ọ̀nà yìí ni gbogbo wọn ń gbà. Ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí ni ibi tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ti pẹ́ jù lójú ọ̀nà ọ̀hún, àti ohun tó yẹ kó gbé dání nígbà tó bá dé òpin rẹ̀. Èrò mẹ́fà ló gbajúmọ̀.

Àwọn tó ní ilé ìdáná ni ìpìlẹ̀

Èrò yìí ló dàgbà jù. Nígbà tí àwọn oníṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní ìlú Cleveland ní 1917, Lulu Graves àti Lenna Cooper ló ṣíwájú wọn, ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni ní ìtọ́jú ilé sì ni Cooper ń darí ní Battle Creek. Ní Jẹ́dà náà, King Abdulaziz University ti ní ẹ̀ka ìtọ́jú ilé fún àwọn obìnrin rí, ẹ̀kọ́ oúnjẹ àti ìṣaralóore sì wà lára ohun tí wọ́n kọ́ níbẹ̀.

Àwọn tó di èrò yìí mú sọ pé àwo oúnjẹ ni aláìsàn ń rí, kò rí kálórì. Ẹni tí kò se ìrẹsì kabsa rí kò lè mọ iye òróró tó ń wọ inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lè mọ ibi tí a ti lè dín in kù tí adùn rẹ̀ kò fi ní lọ. Bí onímọ̀ bá sọ pé kí ìyá àgbà dín iyọ̀ kù, tí kò lè sọ ohun tí yóò fi rọ́pò rẹ̀ nínú ọbẹ̀, ìmọ̀ràn náà kò ní kọjá ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Wọ́n tún ń rán wa létí pé ilé ìdáná ilé ìwòsàn ńlá jẹ́ iṣẹ́ ní àyè ara rẹ̀: ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwo lójúmọ́, tí ìyàtọ̀ sì gbọ́dọ̀ wà láàárín ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ àti ti ẹni tó ní àtọ̀gbẹ.

Agbára èrò yìí ni pé ìmọ̀ràn tó bá ti inú ìkòkò wá ṣeé tẹ̀ lé. Àìlera rẹ̀ ni pé kò tó fún wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe, níbi tí aláìsàn kò ti jẹun lẹ́nu fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ó tún ti mú kí àwọn ènìyàn máa wo iṣẹ́ náà bí iṣẹ́ obìnrin, kí àwọn dókítà kan sì máa fojú alásè wo ẹni tó kọ́ ọ. Àríyànjiyàn kan náà wà nílé wa: ní Abẹ́òkúta, fásitì ìjọba àpapọ̀ fún iṣẹ́ àgbẹ̀ fi ẹ̀kọ́ yìí sí abẹ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì oúnjẹ àti ìgbé ayé ẹ̀dá, ní Ìbàdàn, abẹ́ ìlera ará ìlú nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn ni yunifásítì ibẹ̀ fi tirẹ̀ sí. Ibi tí a bá gbin igi sí ló ń pinnu irú omi tí yóò mu.

Àwọn tó ní sáyẹ́ǹsì ni òpó

Gbígbé tí wọ́n gbé ẹ̀kọ́ yìí lọ sí abẹ́ ìmọ̀ ìṣègùn jẹ́ ìṣẹ́gun fún ẹgbẹ́ kejì. Èrò tiwọn ni pé oúnjẹ lè pani bí oògùn, nítorí náà ẹni tí yóò máa pàṣẹ oúnjẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì. Àpẹẹrẹ wọn kò ṣeé já ní koro. Bí ẹni tí ebi ti pa fún ìgbà pípẹ́ bá ṣàdédé gba oúnjẹ púpọ̀, èròjà fọ́sífeètì inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì, ọkàn rẹ̀ sì lè dákẹ́. Ẹni tó ń lo warfarin kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má baà dì kò gbọ́dọ̀ ṣàdédé fi ẹ̀fọ́ kún oúnjẹ rẹ̀ tàbí kó ṣàdédé fi í sílẹ̀, nítorí fítámì K inú ewé ń bá oògùn náà jà.

Ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ tún gbè wọ́n lẹ́yìn. Ẹ̀wà ful jẹ́ oúnjẹ àárọ̀ tí kò ṣọ̀wọ́n ní Jẹ́dà àti Mẹ́kà. Ẹni tí wọ́n bí pẹ̀lú àbùkù G6PD lè jẹ ẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Àbùkù yìí wọ́pọ̀ ní àwọn apá kan Sáúdí Arébíà, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwa Yorùbá pẹ̀lú. Nítorí pé ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò máa ń fẹ́ ara wọn ní ilẹ̀ náà, àwọn àrùn àjogúnbá bíi PKU, tó jẹ́ pé oúnjẹ gan-an ni ìtọ́jú wọn, kì í ṣe ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ lè kà nínú ìwé kó sì gbàgbé.

Agbára ẹgbẹ́ yìí hàn: ẹni tó bá mọ sáyẹ́ǹsì lè bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí tábìlì kan náà. Àìlera wọn méjì ni. Àkọ́kọ́, ẹ̀kọ́ tó kún fún orúkọ èròjà àti ìlà kẹ́mísírì lè di àkọ́sórí, kí akẹ́kọ̀ọ́ gba máàkì gíga kó má sì mọ bí wọ́n ṣe ń se nǹkan kan. Ìkejì ni pé sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń kọ́ni ní ibi tó ti wá. Ọ̀nà ìṣirò Harris àti Benedict tí wọ́n fi ń wọn agbára tí ara ń lò jáde ní 1919 láti ara ènìyàn 239. Ti Mifflin àti St Jeor, tó jáde ní 1990, wá láti ara ènìyàn 498. Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn wà. Bí olùkọ́ kò bá sọ èyí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò gba ìfojúdíwọ̀n bí òfin, yóò sì lò ó fún àgbàlagbà láti Ìlọrin tàbí láti Jakarta láìbéèrè ohunkóhun.

Àwọn tó ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn la ti ń kọ́ ọ

Ẹgbẹ́ kẹta kò bá ìwé jà. Wọ́n kàn ní ìwé kì í fọhùn. Aláìsàn ni yóò sọ fún ọ pé òun kò jẹ oúnjẹ ilé ìwòsàn, tí ìwọ yóò sì rí awẹ́ dàbínù lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Lójú tiwọn, ọdún imtiyaz ni ọkàn ẹ̀kọ́ náà. Ilé ìwòsàn tó tó gbangba sùn lọ́yẹ́ sì wà ní ìlú méjèèjì: Jẹ́dà ní ilé ìwòsàn King Abdulaziz University, King Fahd àti King Faisal Specialist, Mẹ́kà ní Al-Noor Specialist àti King Abdullah Medical City.

Ìlànà ayé gbè wọ́n lẹ́yìn dé ìwọ̀n kan. Àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ oúnjẹ lágbàáyé, ICDA, ní ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ lo ó kéré tán wákàtí 500 lẹ́nu iṣẹ́ lábẹ́ ojú ọ̀gá. Bírítéènì àti Amẹ́ríkà ń béèrè nǹkan bí 1,000. Odindi ọdún kan nílé ìwòsàn lè kọjá méjèèjì bí wọ́n bá lò ó dáadáa.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Wákàtí kì í ṣe ẹ̀kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi oṣù mẹ́ta ti kẹ̀kẹ́ oúnjẹ kiri wọ́ọ̀dù dà bí ọmọ iṣẹ́ télọ̀ tí ọ̀gá fi ń rán bọ́tìnì títí tó fi gba òmìnira: ó lo ọdún, ṣùgbọ́n kò gé aṣọ rí. Gbogbo rẹ̀ wá wà lọ́wọ́ ọ̀gá tí akẹ́kọ̀ọ́ bá bọ́ sí, àti bóyá ọ̀gá náà ráyè. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ yìí tún ní ó ti pẹ́ jù kí akẹ́kọ̀ọ́ tó rí aláìsàn ní ọdún karùn-ún, pé ó yẹ kó ti máa wọ wọ́ọ̀dù láti ọdún kejì. Àwọn tó takò wọ́n ní ẹni tí kò tíì mọ ohun tí kíndìnrín ń ṣe, kí ni yóò rí níbẹ̀ tó máa yé e? Ìdáhùn méjèèjì ní òtítọ́ nínú.

Àwọn tó ní kí ìlànà jẹ́ ọ̀kan káàkiri ayé

Ní 2003, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ oúnjẹ ní Amẹ́ríkà gba ètò iṣẹ́ kan wọlé tí wọ́n pè ní Nutrition Care Process. Ìpele mẹ́rin ló ní: wo aláìsàn fínnífínní, sọ ìṣòro oúnjẹ rẹ̀ ní pàtó, dá sí i, kí o sì tẹ̀ lé e láti mọ̀ bóyá ó yí padà. Ìpele kejì ló yàtọ̀ jù. Ó pa á láṣẹ kí onímọ̀ oúnjẹ dárúkọ ìṣòro náà, ohun tó fà á àti àmì tó fi hàn, nínú gbólóhùn kan ṣoṣo, kó má fara pamọ́ sábẹ́ orúkọ àìsàn tí dókítà ti kọ.

Àwọn tó fẹ́ kí èyí jẹ́ òpó ẹ̀kọ́ ní àǹfààní rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó gba iṣẹ́ ní alẹ́ lè ka ohun tí ẹni ọ̀sán kọ kó sì yé e. Aláìsàn tó bá kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Jẹ́dà kò ní bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú ní ìlú òkèèrè yóò bá èdè iṣẹ́ kan náà níbẹ̀, ohun tó ṣe pàtàkì fún ọmọ Nàìjíríà tí kò mọ ibi tí àyànmọ́ yóò gbé òun dé.

Àìlera rẹ̀ ni pé ìlànà lè di fọ́ọ̀mù. Akẹ́kọ̀ọ́ lè kún gbogbo àpótí inú rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú kó má sì gbọ́ ohun tí aláìsàn ń sọ. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tó bá ń tẹ̀ lé Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ máa sáré bá a: láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2024, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ yẹ fún ìdánwò ìforúkọsílẹ̀ wọn gbọ́dọ̀ ní oyè másítà ó kéré tán. Oyè àkọ́kọ́ tí Jẹ́dà àti Mẹ́kà ń fúnni kò tó mọ́ lójú òṣùwọ̀n tí wọ́n fi kọ́ ọ. Ìwé àṣẹ ìlú kan kì í sì í ṣe ìwé àṣẹ ìlú kejì, bó ti wù kí ìlànà jọra tó.

Àwọn tó ní kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ìkòkò ìlú àti oṣù ẹ̀sìn

Ẹgbẹ́ karùn-ún béèrè pé: aláìsàn ta là ń kọ́? Oúnjẹ Hijaz, agbègbè tí Jẹ́dà àti Mẹ́kà wà, kì í ṣe búrẹ́dì àti wàrà inú ìwé àwọn òyìnbó. Saleeg, ìrẹsì tí wọ́n fi wàrà sè, wà níbẹ̀. Mutabbaq, ìyẹ̀fun dídín tí wọ́n fi ẹran sínú rẹ̀, wà, búrẹ́dì tamees tí wọ́n fi ń jẹ ful wà, ohun mímu sobia sì ń ṣàn ní gbogbo ìgboro lásìkò àwẹ̀. Àwo ńlá kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń yí ká jẹun. Báwo ni a ṣe fẹ́ wọn ìwọ̀n ìrẹsì tí ẹnì kan jẹ nígbà tí ènìyàn márùn-ún bá ti ọwọ́ bọ àwo kan? Ìwé kò dáhùn èyí, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wá ìdáhùn rẹ̀.

Ohun èlò kan wà. Pellett àti Shadarevian ṣe ìwé ìṣirò èròjà oúnjẹ fún agbègbè náà ní American University of Beirut ní 1970. Musaiger ṣe ti àwọn orílẹ̀-èdè Gulf ní 2006. Ní tiwa, Oguntona àti Akinyele ṣe ti oúnjẹ Nàìjíríà ní 1995, àjọ FAO sì gbé ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jáde ní 2012 àti 2019. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn ṣe ń se oúnjẹ máa ń yí padà, ìwé kì í sì í yára yí padà tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó fún ẹgbẹ́ yìí lágbára jù ni oṣù Ramadan àti Háájì. IDF àti DAR, ẹgbẹ́ tó ń rí sí àtọ̀gbẹ lásìkò Ramadan, ṣe ìwé ìtọ́nisọ́nà jáde ní 2016, wọ́n sì tún un ṣe ní 2021, láti díwọ̀n ewu tó wà fún oníàtọ̀gbẹ tó fẹ́ gba àwẹ̀. Ó sọ ọ́ ní pàtó pé kí ẹni tí ṣúgà rẹ̀ bá wálẹ̀ ju 70 lọ, tàbí tó ga ju 300 lọ ní ìwọ̀n mílígíráàmù nínú dẹ́sílítà ẹ̀jẹ̀ kan, ṣínu lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ní ti Háájì, lọ́jọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2024, ooru ní Mọ́sálásí Ńlá dé 51.8 ní ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, ó sì lé ní 1,300 ènìyàn tó kú nínú Háájì ọdún náà. Omi mímu, iyọ̀ ara, oògùn àtọ̀gbẹ àti oúnjẹ tó ṣàjèjì sí àgbàlagbà pàdé pọ̀ lójú kan. Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ ní Mẹ́kà láìmọ èyí dáadáa ti fi ohun tó wà lẹ́bàá rẹ̀ sílẹ̀.

Ìmọ̀ ìṣègùn tí àwọn Mùsùlùmí jogún lọ́dọ̀ Ànábì tún wọ inú rẹ̀: hàbátù sáúdà, oyin, talbina tí wọ́n fi ọkà báálì ṣe. Àwọn kan ní kí wọ́n fi í sínú ẹ̀kọ́, nítorí aláìsàn ti gbà á gbọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ìgbàgbọ́ yẹn sì ń mú ìmọ̀ràn rọrùn. Àwọn mìíràn ní oyin ṣì ń gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè lára oníàtọ̀gbẹ, ohun tí kò bá sì ní ìwọ̀n kò lè wọ ìwé àṣẹ ilé ìwòsàn. Àìlera ẹgbẹ́ karùn-ún lápapọ̀ ni pé ìfẹ́ ohun ìbílẹ̀ lè di àwáwí láti má yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá sì mọ Hijaz nìkan lè kọ́kọ́ dààmú bí Àlájà láti Ògbómọ̀ṣọ́ bá ní àmàlà lòun ń jẹ.

Àwọn tó ní ká dènà àìsàn kó tó dé

Ẹgbẹ́ kẹfà ń wo ẹ̀yìn odi ilé ìwòsàn. Ilé iṣẹ́ ìlera ilẹ̀ náà gbé àwòrán ọ̀pẹ oúnjẹ ìlera jáde ní 2012 láti kọ́ ará ìlú ní ìwọ̀n oúnjẹ. Ní 2017, owó orí ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún bọ́ sórí ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ìdá 100 sì bọ́ sórí ohun mímu tí wọ́n ní ó ń fúnni lágbára. Ní 2019, ó di dandan kí ilé oúnjẹ kọ iye kálórì sára àkọsílẹ̀ oúnjẹ wọn. Ní 2020, wọ́n fòfin de òróró tí wọ́n fi háídírójìn sọ di líle.

Wọ́n ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin yìí kan ènìyàn ju gbogbo aláìsàn tí onímọ̀ oúnjẹ kan lè rí láyé rẹ̀ lọ. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìwádìí, bí wọ́n ṣe ń bá ilé ẹ̀kọ́ àti ìjọba sọ̀rọ̀, àti bí owó ọjà ṣe ń darí ẹnu. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n wákàtí tí a bá fi kọ́ ètò ìjọba, a yọ ọ́ lára wákàtí tí à bá fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣírò oúnjẹ rọ́bà. Èso ìdènà àìsàn máa ń pẹ́ kó tó pọ́n, kò sì rọrùn láti mọ ẹni tó gbin ín.

Èdè: ìjiyàn tó gba àárín gbogbo wọn kọjá

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní fásitì wọ̀nyí, Lárúbáwá ni aláìsàn ń sọ. Àwọn tó fara mọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ìwé tuntun kò sí ní èdè mìíràn tó bẹ́ẹ̀, àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn náà sì wà ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó fẹ́ Lárúbáwá ní Damascus ti ń fi èdè náà kọ́ni ní ìmọ̀ ìṣègùn láti 1919, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé kò ṣeé ṣe. Ìmọ̀ràn lórí oúnjẹ yàtọ̀ sí iṣẹ́ abẹ: ọ̀rọ̀ ẹnu ni ohun èlò rẹ̀. Ẹni tó mọ orúkọ èròjà ní Gẹ̀ẹ́sì ṣùgbọ́n tí kò lè fi èdè ìyá àgbà kan ṣàlàyé ohun tí òróró ń ṣe, ìdajì iṣẹ́ ló mọ̀.

Fún ọmọ Yorùbá, iṣẹ́ èdè náà di ìlọ́po méjì. Yóò kọ́ Lárúbáwá kó tó kọ́ iṣẹ́, kó tó tún fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ. Àmọ́ lákòókò Háájì, ó lè jẹ́ òun nìkan ló wà ní wọ́ọ̀dù tó gbọ́ ohun tí bàbá arúgbó láti Ìwó ń sọ. Àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí baba ńlá wọn dúró sí Mẹ́kà àti Jẹ́dà lẹ́yìn Háájì náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú oúnjẹ àti èdè tiwọn. Kò sí ètò ẹ̀kọ́ tó lè kọ́ gbogbo èdè; ìbéèrè ni pé ṣé ó lè kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń fi ògbufọ̀ ṣiṣẹ́ láìpàdánù ọ̀rọ̀.

Ohun tó so wọ́n pọ̀, àti ohun tí kò tíì yanjú

Bí a bá tẹ́ èrò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀, ohun kan hàn: aláìsàn kan náà kọ́ ni wọ́n ní lọ́kàn. Ẹgbẹ́ ilé ìdáná ń wo ìyá tó ń sebẹ̀ fún ìdílé. Ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì ń wo ẹni tó dùbúlẹ̀ tí kò mọ ara rẹ̀ mọ́. Ẹgbẹ́ ibùsùn ń wo ẹni tó kọ oúnjẹ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ ìlànà ń wo ẹni tí wọ́n ń gbé láti ilé ìwòsàn kan dé òmíràn. Ẹgbẹ́ ìkòkò ìlú ń wo aláàwẹ̀ àti Àlájì. Ẹgbẹ́ ìdènà ń wo ọmọ ilé ìwé tí kò tíì ṣàìsàn. Nítorí náà, apá púpọ̀ nínú ìjà wọn kì í ṣe lórí ohun tó tọ̀nà. Ìjà lórí ẹni tí a kọ́kọ́ fẹ́ sìn ni. Òbí tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń yan ilé ẹ̀kọ́ lè fi èyí ṣe ìbéèrè rẹ̀: aláìsàn wo ni ètò ẹ̀kọ́ yìí ń wò, ta ni yóò máa dúró tì mí lọ́dún imtiyaz, orílẹ̀-èdè wo ni yóò sì gba ìwé ẹ̀rí mi?

Àwọn ohun kan wà tí ìbéèrè yẹn kò lè parí. Kò tíì sí àdéhùn lórí bí wákàtí ilé ìwòsàn ṣe yẹ kó pọ̀ tó, pàápàá lórí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kí wákàtí náà tó kà. Kò tíì yanjú bóyá oyè àkọ́kọ́ ṣì tó, tàbí pé àwọn ìlú yòókù yóò tẹ̀ lé Amẹ́ríkà sí másítà, pẹ̀lú owó àti ọdún tí ìyẹn yóò gbà. Ipò àwẹ̀ àti Háájì nínú ẹ̀kọ́ kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀: ṣé òpó ni wọ́n, tàbí àfikún tí akẹ́kọ̀ọ́ lè yàn tàbí kó fi sílẹ̀? Ọ̀nà ìṣirò tí wọ́n gbé kalẹ̀ lára àwọn ará Amẹ́ríkà ṣì ń ṣiṣẹ́ lára àwọn tí wọn kò wọ̀n rí.

Èyí tó le jù ni bí a ṣe ń mọ onímọ̀ oúnjẹ tó dáńtọ́. Ìdánwò ìwé àṣẹ lè wọn ohun tó wà lórí akẹ́kọ̀ọ́. Kò lè wọn bóyá aláìsàn jẹ ohun tó ní kó jẹ. Láti mọ ìyẹn, àfi kí ilé ẹ̀kọ́ tẹ̀ lé àwọn tó kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ń tọ́jú, kó wo ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn, ìwọ̀n ara wọn àti àwo oúnjẹ wọn lẹ́yìn ọdún kan, kó sì fi wé ti àwọn tí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn kọ́. Iṣẹ́ ńlá ni, ó gba owó àti sùúrù, kò sì sí èyí tí kò kàn nínú ẹgbẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.